Sìgá wo ló bá ẹnu mi mu? Ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Sìgá ńlá tí wọ́n fi odidi ewé tábà yí ni mò ń sọ, kì í ṣe sìgá inú páálí. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti mu mẹ́wàá, kò sì sí méjì tó jọra nínú wọn. Mo ń kà á pé èyí ní adùn kòkó, ìyẹn ní ti kọfí, òmíràn ń rùn bí awọ, bí igi kédárì. Lẹ́nu tèmi, èéfín ni gbogbo wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ gbé mi dálẹ̀: òógùn tútù bò mí, èébì ń gbé mi. Ṣé ẹnu mi ni kò dáa, àbí àwọn tó ń to adùn lẹ́sẹẹsẹ yẹn ló ń tan ara wọn? Báwo lẹ ṣe mọ èyí tó jẹ́ tiyín?

* * *

Àbúrò mi, ẹnu rẹ dáa. Mẹ́wàá tí kò jọra yẹn ló fa wàhálà. Bí wọ́n bá kó èèyàn mẹ́wàá wá síwájú rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú kí ọ, tó sì bá tiẹ̀ lọ, ohùn ta ni wàá dá mọ̀ lọ́jọ́ kejì?

Yan ẹyọ kan tí kò sú ọ. Wá mẹ́ta irú rẹ̀ gan-an: orúkọ kan, gígùn kan, ìnípọn kan. Má fẹnu kan òmíràn títí wàá fi mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, kí ọjọ́ mélòó kan sì wà láàárín wọn. Nídìí àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ló máa gba gbogbo ọkàn rẹ: ṣé iná ti ràn dáadáa, ṣé mi ò fà á jù. Nídìí ìkejì lo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. Ìkẹta ló máa jẹ́ kí o mọ èyí tó jẹ́ ti sìgá àti èyí tó jẹ́ ti ara rẹ lọ́jọ́ náà.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo mu ọ̀kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti jẹ ata yó, tí mo sì ń kánjú jáde. Ó korò bí iwọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mi ò ní dé ìdí rẹ̀ mọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi kan fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀, ó ti yọ òrùka bébà ara rẹ̀, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo jókòó, kò sí ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀pà yíyan ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó wá dà bí èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde. Ìgbà tó fi òrùka náà hàn mí ni mo rí i pé èyí tí mo búra fún ni. Títí dòní, òun ni mo mu jù.

* * *

Ọ̀rọ̀ èyí tó gbé ọ dálẹ̀ wá ńkọ́? Mo rí i tí àwọn kan ń dá ọ lóhùn pé ara rẹ kò tíì gbà á ni, kí o ṣáà tẹ̀ síwájú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Nicotine, èròjà líle inú ewé tábà, ló mú ọ, ara rẹ sì sọ fún ọ bó ṣe yẹ kó sọ.

Èéfín sìgá páálí máa ń kan díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni nicotine rẹ̀ ti ń rí ọ̀nà wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Èéfín sìgá ewé kì í kan bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ ìwà omi eérú. Nicotine inú rẹ̀ kò nílò kó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ara ẹnu lásán ti tó fún un láti gbà wọlé. Nítorí náà, bí o kò tilẹ̀ fà á sínú, ó ń wọ inú rẹ. Ẹ tún rántí pé tábà tó wà nínú sìgá ewé ńlá kan lè tó ti odidi páálí sìgá kan. Ẹni tó bá ń fa irú èyí léraléra, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, òógùn tútù kò jìnnà sí i.

Jẹun kó o tó tan án. Jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú kan láàárín fífà kan sí èkejì. Bí iwájú orí rẹ bá ti ń tutù, gbé e kalẹ̀, jókòó, mu ohun tó ní ṣúgà, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa kú fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí o jẹ ní gbèsè pé kí o mu ún dé ìdí.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jà lé lórí. Wọ́n á ní níwọ̀n bí a kì í ti í fà á sínú, kò léwu. Irọ́ ni. National Cancer Institute ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé odidi ìwé kan jáde lórí sìgá ewé ní 1998. Jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun, ti gògóńgò àti ti ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tó ń fà. Mo ń mu ún, ó sì ń dùn mọ́ mi, mi ò ní torí ìyẹn parọ́ fún ọ. Ọ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo fi mọ, ọ̀sẹ̀ mìíràn á sì kọjá láìsí. Ẹni tí kò bá tíì fẹnu kàn án rí, kó má ṣe torí ohun tí mo kọ síbí bẹ̀rẹ̀.

* * *

O ti fèsì báyìí pé èyí tó gbé ọ dálẹ̀, ewé rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kò dúdú, pé ìdí tí o fi yàn án nìyẹn. Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn tó gbóná jù wà.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń gba ẹni tuntun ni pé kó bẹ̀rẹ̀ lórí ewé tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kó máa lọ sí dúdú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Èmi náà gun àkàsọ̀ yẹn fún nǹkan bí ọdún kan. Àkókò tí mo fi ṣòfò niyẹn, torí ohun méjì ni wọ́n so pọ̀ tí kì í ṣe ọ̀kan: líle àti adùn.

Ẹ jẹ́ ká tú sìgá kan palẹ̀. Ewé inú wà, òun ló pọ̀ jù. Ewé ìdè wà, tó di ti inú mú. Ewé ìbora ni èyí tí ojú ń rí. Líle sìgá, ìyẹn bí nicotine rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ọ̀dọ̀ ewé inú ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, ibi tí ewé náà sì ti hù lára igi tábà ló ń pinnu bó ṣe máa le tó. Àwọn ará Kúbà ń pe ti ìsàlẹ̀ ní volado: ó ń tètè gbiná, agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ti àárín ni seco, ibẹ̀ ni òórùn dídùn pọ̀ sí. Ti òkè ni ligero. Oòrùn ń pa á jù, ó nípọn, ó le, kì í sì í tètè jó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń yí sìgá fi máa ń tọ́jú rẹ̀ sí àárín gbùngbùn. Kò sí bí o ṣe lè wo ara sìgá láti òde kí o rí bí ligero ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Kí ló wá ń mú ewé ìbora dúdú? Lọ́pọ̀ ìgbà, àkókò àti ooru ni. Wọ́n máa ń kó ewé tábà jọ ní òkìtì, ooru ara rẹ̀ á sì máa sè é láti inú. Èyí tí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ gan-an lá á di èyí tí wọ́n ń pè ní maduro, ìyẹn ni pé ó ti pọ́n bí èso ṣe ń pọ́n. Ó ń dúdú, ó sì sábà máa ń ní adùn bíi ṣúgà tí iná rà díẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó le. Mo mọ èyí tó dúdú bí èédú tí mo lè mu láàárọ̀ kí n sì lọ síbi iṣẹ́.

Ewé tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àfonífojì odò Connecticut ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1900, wọ́n ń ta aṣọ bo odidi oko kí oòrùn má baà pa ewé jù. Ẹ̀kúádọ̀ náà ń gbin irúgbìn yìí. Ìkùukùu ojú ọ̀run ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí aṣọ ń ṣe ní Connecticut. Ewé tí ibòji tọ́ dàgbà báyìí á tinrin, á rọ̀ lẹ́nu, á dà bíi koríko gbígbẹ àti wàrà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ligero kún inú rẹ̀, aṣọ jẹ́jẹ́ lásán ló wọ̀. Ó jọ pé irú ìyẹn lo bá pàdé.

Nítorí náà, dípò àkàsọ̀, ìdánwò kan rèé. Àwọn aṣesìgá kan máa ń ṣe oríṣi méjì tí ewé inú àti ewé ìdè wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tó jẹ́ ìbora nìkan ló yàtọ̀, ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan dúdú. Béèrè irú rẹ̀. Mu wọ́n ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra, ní wákàtí kan náà. Ohun tó bá yàtọ̀ lẹ́nu rẹ, o mọ ibi tó ti wá.

* * *

Ẹnìkan dá mi lóhùn pé "Ìbora kò já mọ́ nǹkan, ìnípọn ni kó lọ wò." Kò jìnnà sí òótọ́. Ìnípọn ni wọ́n fi ìdá kan nínú 64 ti íǹṣì kan ń kà, nítorí náà 50 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 20, 42 sì jẹ́ nǹkan bíi 17. Bí sìgá bá ṣe tinrin tó ni ìbora rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ tó, torí ewé inú kò pọ̀ láti bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó nípọn, ewé inú ló máa ń jẹ gàba lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló sì fi hàn pé ìbora já mọ́ nǹkan.

* * *

Wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ Kúbà dé. Wọ́n ní títí o fi máa mu ti Kúbà, o kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ Vuelta Abajo ní Pinar del Río, ní ìwọ̀ oòrùn Kúbà, ilẹ̀ tábà gidi ni, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ sìgá lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n ní 1960, ọ̀pọ̀ ìdílé tó mọ iṣẹ́ náà sì kó jáde. Ní February 1962, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà fòfin de ọjà Kúbà. Irúgbìn àti ọgbọ́n ọwọ́ wọn bá àwọn tó kó jáde lọ sí Dominican Republic, Nikarágúà àti Honduras. Tábà tí wọ́n ń gbìn ní Estelí, ní Nikarágúà, lónìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ìran Kúbà ni. Ilẹ̀ ló yí ohùn rẹ̀ padà. Ti Estelí máa ń ta bí ata. Ti Jalapa, ní orílẹ̀-èdè kan náà, máa ń rọ̀ jù ú lọ.

Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì jókòó lọ́jọ́ kan, a yọ òrùka ara sìgá mẹ́rin, a sì dà wọ́n pọ̀ kí á má baà mọ èwo ni èwo. Kúbà wà nínú wọn. Mo fi í sí ipò kẹta. Àwọn méjèèjì fi í sí ipò kìíní. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe nínú wa. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni pé tí òrùka bá wà lára rẹ̀ ni, èmi náà á sọ pé òun ló dáa jù.

Ohun mìíràn tí kò jẹ́ kí n rán ẹni tuntun sídìí Kúbà ni ayédèrú. Ó pọ̀ lọ́jà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí kò tíì mọ ojúlówó lẹ́nu, kí ni yóò fi mọ ayédèrú? Á kàn máa rò pé òun kò fẹ́ràn Kúbà.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èyí tó dùn ọ́ jù: kòkó, kọfí, awọ, kédárì. Ṣé wọ́n ń tan ara wọn?

Àwọn kan ń tan ara wọn. Wọ́n á ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, wọ́n á sì bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè ní adùn wà lóòótọ́. Ibi tí o ti ń wá a ni kò sí. Ahọ́n kò mọ̀ ju márùn-ún lọ: dídùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò, àti adùn tó wà nínú omi ẹran. Gbogbo yòókù, imú ló ń mọ̀ ọ́n. Ìwọ sì ń gbé èéfín náà jáde láti ẹnu láìjẹ́ kí imú rẹ rí i.

Ṣe báyìí. Fa díẹ̀ sẹ́nu. Tú èyí tó pọ̀ jù jáde. Pa ẹnu dé, kí o rọra jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù gba imú jáde. Ẹnu sí imú ni, má fà á sínú àyà. Ìgbà àkọ́kọ́ á ta ọ́ nímú, omi á bọ́ lójú rẹ. Má ṣe é ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi márùn-ún ti tó.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ tó ṣí sí mi. Gbogbo ohun tí mo ti ń pè ní èéfín dà bí ìgbà tí èèyàn gbẹ́ pẹ́ńsùlù tuntun, tó sì gbé èèpo rẹ̀ sí imú. Mo dìde dúró. Kédárì ni, igi tí wọ́n ti ń ṣe pẹ́ńsùlù látijọ́. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mi ò ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Má sì yá ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu. Bí ó bá dà bí inú àpótí aṣọ ìyá àgbà, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, kọ ọ́. Ìwé mi kún fún irú rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè lóye rẹ̀. Èyí rèé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: "Iṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ata lẹ́yìn ọ̀fun. Ata lọ. Kọfí láìsí ṣúgà. Ní ìdajì, ó dùn létè, bíi pé mo lá nǹkan. Ó kù bí ìka kan, ó gbóná, ó korò, mo gbé e sílẹ̀. Ara kò wúwo. Màá tún jókòó tì í." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá bí mo bá ṣí ìwé náà.

Ní ti àwọn tó ń fún sìgá ní máàkì, mi ò ní kí o má kà wọ́n. Wá ẹni tí ohun tó kórìíra bá ohun tí ìwọ kórìíra mu. Bó bá ti sọ pé nǹkan kan dùn, á ní ìtumọ̀ fún ọ.

* * *

Kíákíá, fún àwọn tó béèrè nípa gígé àti títọ́jú.

Fìlà kékeré tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Ẹni tó bá gé kọjá èjìká rẹ̀, ìbora á tú sí i lọ́wọ́. Tí ẹ bá ń tan án, ẹ má kì í bọ iná; ẹ jìnnà síná díẹ̀, kí ẹ máa yí i títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi pọ́n yíká. Bí ẹ bá fà á tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín fi wọnú, ó ti dí nínú. Ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́, kò tíì sọ̀rọ̀ fún yín.

Ọ̀rinrin inú ibi tí ẹ kó o sí, kó wà láàárín 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó gbẹ á jó bí ewé gbígbẹ, á sì korò. Èyí tó rin jù á máa kú. Àwo oníke tó ní ìdérí tó fún dáadáa, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń dá ọ̀rinrin dúró, ti tó fún ẹni tó ní mẹ́wàá. Àpótí onígi ẹlẹ́wà kò pọn dandan nísinsìnyí. Ẹ má jẹ́ kí ooru pọ̀ níbẹ̀, ẹyin kòkòrò tábà lè pa, wọ́n á sì lu gbogbo rẹ̀ ní ihò.

Ẹnìkan ń bú àwọn tó ń mu èyí tí wọ́n fi fànílà tàbí kọfí kùn. Kí ló dé? Bó bá dùn mọ́ wọn, ó dùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa sọ ni pé fànílà ni yóò kọ́ ọ, kò ní kọ́ ọ ní tábà, ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, torí òórùn rẹ̀ á ràn wọ́n.

* * *

Àbúrò mi padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní òun ti mu mẹ́ta tó jọra, òun sì ti ṣe ìdánwò ìbora méjì. Èyí tó pọ́n kò sọ nǹkan kan fún un. Èyí tó dúdú, nígbà tó dé ìdajì, dà bí inú báàgì aláwọ tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ó sì jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ ọ ní ìparí, lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Inú mi dùn gan-an sí báàgì yẹn. Mo béèrè ibi tó ń mu ún dé, ó ní títí yóò fi máa jó òun níka. Gbé e sílẹ̀ nígbà tí ó bá ku ìdá kan nínú mẹ́ta, àbúrò. Ibẹ̀ ni ooru àti nicotine ti kóra jọ sí, báàgì bàbá rẹ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Má yí ìbora padà báyìí. Di èyí tó dúdú yẹn mú, ìnípọn ni kí o yí: bí 50 lo mu, wá 42 irú rẹ̀ kan náà, kí o fà á díẹ̀díẹ̀ torí èyí tó tinrin máa ń tètè gbóná. Mẹ́ta ni kí o wá, kì í ṣe ẹyọ kan. Jẹun kí o tó tan án.